CD mélòó ni yóò gba ohun tó wà nínú flash mi? Ìbéèrè àti ìdáhùn láti Alékùwódò, Òṣogbo

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sí ṣọ́ọ̀bù wa lójoojúmọ́: "Ẹ bá mi wò ó, CD mélòó ni yóò gba eléyìí?" Mo ti dáhùn rẹ̀ títí ó fi sú mi. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ lè kà á kí ẹ tó jáde nílé, torí owó CD tí àwọn èèyàn ń ná dànù ń dùn mí.

CD kan ń gba mélòó?

MB 700. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀. MB la fi ń wọn bí fáìlì ṣe tóbi tó; nǹkan bí MB 1,000 ló ń jẹ́ GB kan.

650 ni wọ́n kọ sára tèmi ńkọ́?

CD oníṣẹ́jú 74 nìyẹn. Oníṣẹ́jú 80 ló ń gba 700.

Flash mi jẹ́ GB 8. CD mélòó ni?

Ẹ wo iye tó wà nínú rẹ̀, ẹ fi iye tí wọ́n kọ sí i lára sílẹ̀. Bó bá jẹ́ GB 2 ló wà níbẹ̀, CD 3 ti tó. Bó bá kún dẹ́nu, 11.

Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà ń kọ 7.45 dípò 8? Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́ yín jẹ. Báìtì ni ẹyọ kékeré tí a fi ń ka ìtóbi fáìlì. Báìtì 1,000,000,000 ni àwọn tó ń ṣe flash ń pè ní GB kan. 1,073,741,824 ni Windows ń pè ní GB kan, torí 1,024 ló fi ń ṣírò. Flash ò dín kù, ìṣirò ló yàtọ̀.

Ibi tó ti ń gba owó lọ́wọ́ yín ni pé ìṣirò 1,024 yìí náà ni wọ́n fi kọ 700 sára CD; báìtì 737,280,000 ló ń gbà gan-an. Ẹni tó bá pín 8,000 sí 700 á rí 11.4, á sì ra CD 12. Lórí hard disk TB 1 (GB 1,000), àṣìṣe yẹn nìkan á mú un ra CD 72 lé: 1,429 dípò 1,357. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó TB 1 sínú CD. Hard disk mìíràn ni kí ẹ rà.

Mo ṣírò ó dáadáa, CD 11 ló yẹ kó gbà á, àmọ́ kò wọ̀ ọ́.

Fáìlì kì í dá ara rẹ̀ pín sí méjì. Ká ní fídíò ọdún Ọ̀ṣun 19 lẹ ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ MB 400. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ MB 7,600, CD 11 ni lórí ìwé. Ṣùgbọ́n fídíò kan péré ló ń wọ CD kan, torí méjì ti di 800. CD 19 lẹ máa rà, MB 300 á sì ṣófo nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi fọ́tò kún àyè náà. Bí fáìlì kan bá ju 700 lọ, ẹ lọ ra DVD, GB 4.7 nìyẹn ń gbà, Windows á pè é ní 4.38.

Fíìmù wákàtí méjì tí mo fẹ́ ṣe sí VCD, MB 300 péré ni. Kí ló dé tí ẹ ní CD 2?

Ìṣẹ́jú là ń kà fún VCD. Ìṣẹ́jú 80 ló mọ. Bí fáìlì náà kéré, bó tóbi, wákàtí méjì á gba CD 2.

MB 659 ni wáàsí mi, ó wọ CD kan, àmọ́ rédíò ò lù ú.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn èyí, torí ó fojú mi rí nǹkan.

Lẹ́yìn Rámádáànì, bàbá kan tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àdúgbò kan gbé CD kan wá. Wáàsí 24 ló wà nínú rẹ̀, wákàtí kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibòmíràn ni wọ́n ti bọ́ọ̀nù rẹ̀ fún un. Ó fẹ́ kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ tí kò lo fóònù ńlá máa gbọ́ ọ nínú rédíò oní-CD tí wọ́n ti rà tipẹ́. Nínú kọ̀ǹpútà, ohùn Àáfà ń jáde geere. Nínú rédíò, CD á yí, á yí, kò ní fọhùn.

Mo fi òwú nu lẹ́ǹsì rédíò náà, kò yí padà. Mo tún wáàsí náà bọ́ọ̀nù sórí CD mìíràn, mo dín eré rẹ̀ kù, pàbó ló já sí. Mo wò ó bóyá CD-RW ni, èyí tí a lè pa rẹ́ ká tún kọ, torí ọ̀pọ̀ rédíò àtijọ́ kì í rí ìyẹn kà, àmọ́ CD-R ni, èyí tí a kì í lè pa rẹ́. Nígbà tó yá, mo ki CD orin tí wọ́n rà lọ́jà bọ inú rédíò kan náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe rédíò, kò sì sí ohun tó ṣe CD. MP3 ni wáàsí náà, ìyẹn fáìlì tí wọ́n ti fún ohùn inú rẹ̀ pọ̀ kó lè kéré. CD orin nìkan ni rédíò yẹn mọ̀, irú èyí tí Philips àti Sony gbé jáde ní 1982.

Lórí CD orin, ìṣẹ́jú náà là ń kà. A kì í fún ohùn pọ̀ níbẹ̀ bíi ti MP3: ìṣẹ́jú kan ń gba báìtì tó lé ní mílíọ̀nù 10. Wáàsí bàbá, 64 kbps (kílóbíìtì 64 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀, kò tó ìdajì MB ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ni wákàtí 24 fi wọ CD kan. Tí a bá sọ ọ́ di CD orin, ìṣẹ́jú 1,440 ni. Ẹ pín in sí 80, CD 18.

Bàbá mí kanlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, 18 náà ò tó. Wáàsí oníṣẹ́jú 60 méjì ò lè wọ CD kan, bàbá ò sì gbà kí a gé wáàsí, pé kò bójú mu kí rédíò dákẹ́ nígbà tí Àáfà ń ka āyà Kùránì lọ́wọ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn. CD 24 nìyẹn fún ẹnì kan ṣoṣo! Mo ṣe é fún màmá tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́, tó ní òun ò ní fi rédíò òun sílẹ̀. Fún àwọn yòókù, mo ní kí wọ́n ra rédíò kékeré tó ń lo flash, a sì da wáàsí náà sínú flash fún wọn bó ṣe wà.

Torí náà, bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ̀rọ tí yóò lù ú ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà, MB la máa kà. Bó bá jẹ́ rédíò àtijọ́, ìṣẹ́jú ni.

Mo ki flash bọ kọ̀ǹpútà, ó ní kí n fọ́mátì rẹ̀ kí n tó lò ó.

Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Fọ́mátì ń nu ohun tó wà nínú flash ni. Ẹ yọ flash náà, ẹ má kó nǹkan mìíràn sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ ilé kankan bá yín gbìyànjú rẹ̀. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń bá èèyàn gba fáìlì padà, kí ẹ sì sọ fún un pé ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ fẹ́, kì í ṣe flash náà.