Alùpùpù àtijọ́ tó máa ń kú lójú ọ̀nà: ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi l'Abẹ́òkúta

Lẹ́yìn tí a kun Honda CD175 àtijọ́ kan lọ́dà tuntun fún títà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá gùn ún kúrò ní Láfẹ́nwá, kí ó tó dé Pánṣẹ́kẹ́, ó ti kú. Bó bá sinmi díẹ̀, á tún dìde. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo, mo fọ kabúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, pàbó ló já sí. Nígbà tó tún kú, mo ṣí ìdérí táńkì, mo sì gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń sáré wọlé: ọ̀dà ti dí ihò tíńtín ara ìdérí náà, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kí epo lè máa ṣàn. Abẹ́rẹ́ ni mo fi la ihò náà, kò sì kú mọ́ títí tí oníbàárà fi gùn ún lọ. Bí alùpùpù ẹlòmíràn kò bá gbọ́ èyí, kí ó wo inú táńkì bóyá ìpẹtà wà níbẹ̀ tó ń dí ọ̀nà epo.