Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Yíyan Major fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ó Ń Múra Sílẹ̀ fún Iṣẹ́ Ìlera ní Amẹ́ríkà

Àṣìṣe àkọ́kọ́, tí ó sì jẹ́ ìyá fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù, ni kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé major (ẹ̀ka ẹ̀kọ́) tí òun bá yàn ní yunifásítì ni iṣẹ́ ìlera tí òun yóò ṣe. Ní Nàìjíríà, ẹni tí ó bá jáde ilé ẹ̀kọ́ girama lè wọ ẹ̀ka ìṣègùn tààrà, kí ó sì di dókítà nígbà tí ó bá jáde. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ní Amẹ́ríkà yàtọ̀: akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ gba dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin, yóò lo ọdún mẹ́rin mìíràn ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, lẹ́yìn náà ni yóò wá wọ ọsibítù fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní residency. Ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní pre-med kì í ṣe major ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn yunifásítì wọ̀nyí. Ìpinnu ni, pẹ̀lú àkójọ àwọn kọ́ọ̀sì tí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn fẹ́ rí kí ó tó gba ènìyàn. Major ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi gba dìgírì. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kọ́ọ̀sì náà wà nínú major yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan.

Nítorí pé èyí kò yé wọn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe ń yan báyọ́lọ́jì láìbi ara wọn léèrè bóyá wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Àkọsílẹ̀ AAMC, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Amẹ́ríkà, máa ń fi hàn pé àwọn tí wọ́n ka báyọ́lọ́jì àti àwọn ẹ̀ka tí ó fara pẹ́ ẹ ju ìdajì gbogbo àwọn tí ń béèrè fún ààyè lọ. Àkọsílẹ̀ kan náà sì fi hàn pé, bí a bá fi iye àwọn tí ó béèrè wé iye àwọn tí ó wọlé, àwọn tí wọ́n ka lítíréṣọ̀, ìtàn tàbí fílọ́sọ́fì kò rẹ̀yìn sí wọn rárá. Harold Varmus, tí ó wà lára àwọn tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìṣègùn ní 1989 nítorí ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ, lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kà ní Amherst College kí ó tó gba ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Columbia lọ. Paul Farmer, dókítà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣètọ́jú àwọn aláìní ní Haiti, anthropology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ènìyàn àti àṣà wọn, ni ó kà ní Duke. Ní 1987 ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Mount Sinai ní New York bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà àti èdè, láìbéèrè MCAT, ìyẹn ìdánwò ìgbàwọlé ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, lọ́wọ́ wọn. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde nípa wọn ní 2010 fi hàn pé, bí àmì wọn nínú Step 1, apá àkọ́kọ́ ìdánwò ìwé àṣẹ dókítà, tilẹ̀ kéré díẹ̀ sí ti àwọn yòókù, wọ́n ṣe dáadáa bí ẹgbẹ́ wọn nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn lápapọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Kì í ṣe pé lítíréṣọ̀ jẹ́ ọ̀nà àbùjá. Ìwọ̀nba àwọn tí wọ́n ti ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ wá jẹ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ohun tí wọ́n kà, tí wọ́n ṣe é dáadáa, tí wọn kò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àwọn kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ibí gan-an ni àṣìṣe kejì wà, òun ni mo sì rò pé ó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ jù lọ fún àwọn ọmọ tí wọ́n lo òmìnira láti yan ohun tí wọ́n fẹ́. Wọ́n á yan ìtàn tàbí ẹ̀kọ́ ìṣèlú, inú wọn á dùn sí i, wọ́n á sì sún sáyẹ́ǹsì síwájú títí di ọdún kẹta. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń retí ọdún kan báyọ́lọ́jì pẹ̀lú láàbù, ọdún kan kẹ́místírì gbogbogbòò, ọdún kan organic chemistry, ọdún kan físíìsì, àti bayokẹ́místírì fún ó kéré tán sáà kan, yàtọ̀ sí ìṣirò àti ìwé kíkọ. Kì í ṣe iye wọn ni ìṣòro náà, ìtẹ̀léra wọn ni. Ẹni tí kò bá tíì ṣe kẹ́místírì gbogbogbòò kò lè wọ organic chemistry, ẹni tí kò bá sì tíì ṣe èyí kò lè wọ bayokẹ́místírì. Nítorí náà, kẹ́místírì nìkan yóò gba sáà márùn-ún tí a kò lè pa pọ̀. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún kejì yóò dé bayokẹ́místírì ní ọdún kẹrin, nígbà tí àwọn tí wọ́n fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kété lẹ́yìn dìgírì máa ń ṣe MCAT ní ìparí ọdún kẹta. Bayokẹ́místírì sì wà nínú ìdánwò náà gidigidi. Láti 2015 ni MCAT ti ní apá mẹ́rin: báyọ́lọ́jì àti bayokẹ́místírì; kẹ́místírì àti físíìsì; ẹ̀kọ́ nípa ìrònú, ìhùwàsí àti àwùjọ ẹ̀dá; pẹ̀lú ìwé kíkà àti àgbéyẹ̀wò rẹ̀. Àmì rẹ̀ wà láàárín 472 àti 528, gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá jókòó sí i ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń wà, kò sì sí ẹni tí wọ́n ń gbà láyè láti ṣe é ju ẹ̀ẹ̀méje lọ ní gbogbo ayé rẹ̀.

Lóòótọ́, àwọn ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní post-bacc, irú èyí tí ó wà ní Bryn Mawr àti Goucher, tí ó ń gba àwọn tí wọ́n ti ní dìgírì ṣùgbọ́n tí wọn kò ṣe sáyẹ́ǹsì. Ètò gidi ni, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di dókítà. Ṣùgbọ́n owó ńlá ni, ọdún mìíràn sì ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀ nítorí pé ó pẹ́ kí ọkàn rẹ̀ tó fà sí ìṣègùn dára. Kí ó lọ nítorí pé kò béèrè ìtẹ̀léra kọ́ọ̀sì ní ọdún àkọ́kọ́ kò yẹ kí ó ṣẹlẹ̀.

Àwọn mìíràn yan major tí ó le jù, pẹ̀lú èrò pé ìgbìmọ̀ ìgbàwọlé yóò bọ̀wọ̀ fún orúkọ rẹ̀, tàbí kí wọ́n so major méjì pọ̀ mọ́ minor kan (ẹ̀ka kékeré tí a ń kà mọ́ major). N kò mọ ìgbìmọ̀ kan tí ó ń fún ènìyàn ní àmì nítorí bẹ́ẹ̀. GPA, ìyẹn ìpíndọ́gba àmì gbogbo kọ́ọ̀sì, ni wọn yóò kọ́kọ́ rí. Fún àwọn tí wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní 2023, ìpíndọ́gba GPA wọn jẹ́ 3.77, ti MCAT wọn sì jẹ́ 511.7. AMCAS, tí ó ń gba ìwé ìbéèrè fún ọ̀pọ̀ jù lọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, máa ń ya GPA báyọ́lọ́jì, kẹ́místírì, físíìsì àti ìṣirò sọ́tọ̀ sí ti àwọn kọ́ọ̀sì yòókù, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì tún kọ́ọ̀sì kan ṣe, àmì ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì ni yóò kà pọ̀, ohun yòówù kí yunifásítì rẹ̀ ti ṣe sí i. Bí ẹnìkan bá fẹ́ràn ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ, kí ó kà á. Bí ó bá jẹ́ nítorí ojú ayé ni, àwọn mìíràn tí wọ́n ka ohun tí wọ́n fẹ́ràn yóò kọjá lára rẹ̀.

Gbogbo èyí tí mo ti sọ, ti ìṣègùn ni jù lọ. Àṣìṣe ńlá ni láti mú un lọ bá àwọn iṣẹ́ ìlera yòókù. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó yàtọ̀ jù, nítorí pé nọ́ọ̀sì ni major fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sínú rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ọmọbìnrin tí ó wọlé sí báyọ́lọ́jì pẹ̀lú èrò pé òun yóò sún sí nọ́ọ̀sì ní ọdún kejì lè rí i pé kò sí ààyè mọ́, kí ó sì wá dúró dìgbà tí ó bá gba dìgírì báyọ́lọ́jì kí ó tó wọ ètò nọ́ọ̀sì kíákíá, tí ó sábà máa ń gba oṣù 12 sí 18. Apòògùn ńkọ́? Àwọn ilé ẹ̀kọ́ PharmD (dìgírì àwọn apòògùn) kan ń gba ẹni tí ó ti ṣe kọ́ọ̀sì wọn tán láìní dìgírì kankan, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì béèrè PCAT, ìdánwò ìgbàwọlé wọn, mọ́, nítorí pé ó kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2024. Ẹni tí ó fẹ́ di physician assistant (ẹni tí ń bá dókítà ṣiṣẹ́ láti tọ́jú aláìsàn) ní láti ní ọ̀pọ̀ wákàtí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú aláìsàn, ọ̀rọ̀ tí kò kan major rárá, ṣùgbọ́n tí ó kan àkókò tí major bá fi sílẹ̀ fún un. Ẹni tí ó fẹ́ di onímọ̀ oúnjẹ ìlera tí ó ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní 2024, dìgírì kejì ni wọ́n ń béèrè kí ènìyàn tó lè jókòó sí ìdánwò ìwé àṣẹ náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara àti iṣẹ́ wọn, tí àwọn ètò nọ́ọ̀sì, physician assistant àti physical therapy sábà máa ń béèrè, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kò sọ di dandan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì mọ èyí tí yóò ṣe láàárín iṣẹ́ méjì gbọ́dọ̀ kọ kọ́ọ̀sì àwọn méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ó wo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, kí ó tó forúkọ sílẹ̀ fún sáà tí ó ń bọ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n wà lórí físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè, ní ọ̀rọ̀ tiwọn, ó sì ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ wọn kì í gbọ́ ọ títí di ọdún kẹrin. Púpọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Amẹ́ríkà kì í gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú, tí kò sì ní káàdì ìgbélùú, àwọn kan tí wọ́n sì ń gbà wọ́n máa ń béèrè ẹ̀rí owó ńlá ṣáájú, nígbà tí ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ kò sí fún wọn. Ẹni tí ó bá wà nípò yìí kò gbọdọ̀ yan major bí ẹni pé ìṣègùn nìkan ni ó wà níwájú. Major tí ó bá wà lára àwọn tí ìjọba kà sí STEM (sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò) máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ F-1 ní oṣù 24 láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn dìgírì, yàtọ̀ sí oṣù 12 tí gbogbo wọn ní ẹ̀tọ́ sí, ìtàn àti lítíréṣọ̀ kò sì sí lára wọn. Èyí nìkan tó ìdí láti tún ìpinnu náà gbé yẹ̀ wò.

Kódà fún ọmọ ìlú, ẹni tí kò bá bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni òun yóò fi major yìí ṣe bí ìṣègùn kò bá ṣeé ṣe, ó ti fo ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù. Àwọn tí wọ́n ń wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn lọ́dọọdún kò tó ìdajì àwọn tí ó béèrè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò wọlé kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe aláìmọ̀wé.

Ní ti yíyẹ àwọn major wò, àṣìṣe tí mo rí jù ni wíwo orúkọ láìwo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kọ́ọ̀sì ọdún àkọ́kọ́ kì í sọ òtítọ́ ẹ̀ka kan tán. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ìlànà àwọn kọ́ọ̀sì ọdún kẹta àti ìkẹrin, kí ó bá àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó sì lo àwọn kọ́ọ̀sì tí yunifásítì sọ di dandan fún gbogbo ènìyàn láti tọ́ ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta wò. Yíyí major padà kì í ṣe ìtìjú. Ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde ní 2017 tí ó fi hàn pé nǹkan bí 30 nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti yan major ni wọ́n yí i padà láàárín ọdún mẹ́ta. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka èyí, bí ọmọ yín bá pè yín pé òun fẹ́ fi báyọ́lọ́jì sílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé ó ti fi iṣẹ́ dókítà sílẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé àwọn kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ṣì ń lọ, kí ẹ sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ tán. Ọmọ tí ó bá ń bẹ̀rù ilé yóò fi ìyípadà pa mọ́, yóò sì máa gba F nínú ohun tí kò fẹ́.

Àwọn nǹkan kéékèèké kan tún wà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan kì í gba àmì AP, ìyẹn kọ́ọ̀sì ìpele yunifásítì tí a ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ní ipò kọ́ọ̀sì yunifásítì. Àwọn kan kì í gba láàbù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ètò iṣẹ́ ìlera kan kì í ka kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì tí ó ti pẹ́ jù. Orí ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni kí a ti wò ó, kì í ṣe lẹ́nu ọ̀rẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sì lọ bá olùdámọ̀ràn iṣẹ́ ìlera ní yunifásítì rẹ̀ ní sáà àkọ́kọ́, àní bí kò bá tíì mọ major rẹ̀, nítorí pé ní àwọn yunifásítì kan, ìgbìmọ̀ ni ó ń kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún àwọn tí ń béèrè ààyè, ìgbìmọ̀ náà sì lè ní ọjọ́ àti àwọn ìbéèrè tirẹ̀, tí wọ́n ṣáájú ti AMCAS.