Bí mo ṣe ń yẹ bípíì Màmá wò nílé tí nọ́ńbà ò fi ń tàn wá jẹ mọ́

Ẹ jẹ́ kí n ti orí obì bẹ̀rẹ̀. Àwa ará Rẹ́mọ, ẹ mọ̀ wá mọ́ obì, Màmá mi ní Ṣàgámù kì í ti ọjà dé kí gbànja má wà lẹ́nu wọn. Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ mú wọn lọ yẹ bípíì (ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) wò, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ lórí ọ̀kadà ni, ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n, obì ń bẹ lẹ́nu, ọmọbìnrin tó wà ní kẹ́mísìtì kàn ní kí wọ́n nawọ́, ó wé maṣíìnì lé orí bùbá, 168 lórí 98, ilé dàrú, àbúrò mi ń sunkún lórí fóònù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ara wọn balẹ̀, 138 lórí 84. Màmá kan náà o.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra maṣíìnì, èyí tí wọ́n ń wé mọ́ òkè apá ni kẹ́ ẹ rà, ẹ fi tọrùn-ọwọ́ sílẹ̀. Tí apá bá tóbi, ẹ bèèrè èyí tí aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá rẹ̀ fẹ̀, torí èyí tó bá há máa bù lé nọ́ńbà ni.

Kó tó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sígbà tẹ́ ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí obì mọ́, kò sí kọfí, kò sí sìgá (káféènì inú obì yẹn kì í ṣeré). Kí wọ́n lọ tọ̀. Kí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ gbé ọ̀kan lé èkejì, kí apá wà lórí tábìlì kó bá àyà dọ́gba. Ẹ bọ́ ọwọ́ bùbá yẹn kúrò, ẹ má ká a sókè kó wá fún apá, awọ ara gan-an ni kẹ́ ẹ wé e mọ́, kó fi ìka méjì ga ju ibi tí apá ti ń ká lọ.

Kí wọ́n wá jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Ibí yìí niṣẹ́ wà o, torí Màmá ò lè rí ẹni tó ń kọjá kí wọ́n má kí i, ẹ sì mọ bí ìkíni tiwa ṣe máa ń gùn, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ sísọ máa ń gbé nọ́ńbà sókè. Mo wá ń tilẹ̀kùn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, láàárọ̀ kí wọ́n tó lo oògùn, àti lálẹ́, fún ọjọ́ 7. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ (Màmá ní kí n máa kọ èyí tó dáa nìkan). Ẹ yọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò, ẹ ro ìyókù pọ̀, ti òkè lọ́tọ̀, ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ fi iye ìgbà tẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pín in. Tó bá tó 135 lórí 85, kódà kó jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì ló ga, ẹ gbé ìwé yẹn lọ bá dókítà; 140 lórí 90 tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ yẹn, ti ọsibítù ni.

Tó bá fò dé 180 lórí 120, ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tún un ṣe, àmọ́ tí àyà bá ń dùn wọ́n, tí ẹnu wọ́, tí ojú ń ṣú tàbí apá kan ara rọ, ẹ má tún nǹkan kan ṣe mọ́, ẹ gbé wọn lọ ọsibítù kíá, OOUTH, ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ, ṣáà wà ní Ṣàgámù níbí.

Tí nọ́ńbà bá sì wálẹ̀, oògùn ló gbé e wálẹ̀, ẹ má dá a dúró láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Obì ní tiẹ̀, èmi àti Màmá ti jọ ṣàdéhùn: ó di ìgbà tá a bá kọ nọ́ńbà sílẹ̀ tán.