Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Ìwọ̀n Ara Bí A Ṣe Ń Dàgbà

Bí ẹni tó ti lé ní ọmọ ọdún 50 bá yọ ikùn láàárín wa, a máa ń sọ pé owó ti ń wọlé. Bí ó bá rù, kíá ni àwọn ará ilé á ti máa béèrè bóyá kò sí nǹkan. Ojú tí a fi ń wo ara yìí ló bí ọ̀pọ̀ nínú àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Èyí tí mo kà sí àgbà gbogbo wọn ni kí á fi òṣùwọ̀n nìkan ṣe ìdájọ́. Láti nǹkan bí ọmọ ọdún 30 ni iṣan, ìyẹn ẹran ara tí a fi ń dìde tí a sì fi ń gbé ẹrù, ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń yára sí i lẹ́yìn ọdún 60. Bí ọ̀rá bá wá gba àyè tí iṣan fi sílẹ̀, ẹni tó wọn kílò 75 ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lè ṣì wọn kílò 75 lónìí, kí òṣùwọ̀n máa yìn ín, kí ara rẹ̀ má sì rí bákan náà mọ́. Téèpù aránṣọ mọ̀ ju òṣùwọ̀n lọ níhìn-ín. Ẹ dìde dúró, ẹ fọwọ́ wá egungun ìhà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá àti orí egungun ìbàdí, ẹ wé téèpù náà yípo ní agbede méjì wọn, ẹ mí síta pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì kà á láìfa ikùn wọlé. Bí ó bá ti dé sẹ̀ǹtímítà 94 (ínǹṣì 37) fún ọkùnrin, tàbí 80 (ínǹṣì 31 àti ààbọ̀) fún obìnrin, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin ní láti fura jù nígbà tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, nítorí ọ̀rá tó ń gbé ìdí àti itan á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ sí ikùn. Ìró tó ń ṣẹ́ léra dáadáa lè má tó mọ́, nígbà tí òṣùwọ̀n kò tíì sọ nǹkan kan.

Àṣìṣe kejì ni kí á di gbogbo ẹ̀bi ru ọjọ́ orí. Ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní ọdún 2021, tó gba ènìyàn tó ju 6,400 lọ wọlé láti orílẹ̀-èdè 29, fi hàn pé bí ara ṣe ń jó oúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ọdún 20 títí dé 60, bí a bá ti ro títóbi ara mọ́ ọn. Ẹ̀yìn 60 ló tó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Nítorí náà, ẹni ọdún 45 tí ikùn rẹ̀ yọ kò lè sọ pé ọjọ́ orí ni. Ọkọ̀ tó rà, àga tó ń jókòó lé láti àárọ̀ dalẹ́, àti òde àríyá gbogbo ọjọ́ Sátidé ni kó bi léèrè.

Ní ti oúnjẹ, àwọn kan gbọ́ pé òkèlè wíìtì àti àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í mú ni sanra, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ ní òkìtì. Òkèlè ni òkèlè ń jẹ́. Ìwọ̀n ìkúùkù kan tó. Ẹ ṣọ́ epo pẹ̀lú, nítorí ṣíbí ńlá kan, ì báà jẹ́ epo pupa ì báà jẹ́ òróró, tó nǹkan bí kálórì 120. Ẹ má sì febi pa ara yín láti àárọ̀, kí ẹ wá fi ẹ̀bà san gbogbo gbèsè náà ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹni tó ń fi àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fọ ikùn kó lè fọn ń tan ara rẹ̀ jẹ, torí omi àti ìgbẹ́ ló ń jáde, ọ̀rá wà níbi tó wà. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀, ó lè gbẹ débi tí kíndìnrín á fi fara gbá a.

Nígbà tí eyín ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó fi ẹran sílẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ògì ló ń mu láàárọ̀, àmàlà àti pọ̀nmọ́ méjì lọ́sàn-án, ògì tún ni lálẹ́. Apá àti itan rẹ̀ joro, ikùn rẹ̀ kò sì kúrò níbi tó wà. Pọ̀nmọ́ dùn, n kò bá a jà, ṣùgbọ́n kò lè dípò ẹran, ẹja, ẹ̀wà tàbí ẹyin tí ń mọ iṣan. Mọ́ínmọ́ín, èkuru àti ẹja tí a sè kó rọ̀ kò béèrè eyín. Bẹ́ẹ̀ ni ẹyin kan lóòjọ́ kì í ṣe èèwọ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ti lé ní ọdún 40, bí àwọn kan ṣe ń wí. Ẹni tó ní àìsàn kíndìnrín tàbí ti ọkàn ni kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àwa ọmọ náà jẹ̀bi. “Ẹ jókòó, Mọ́mì, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó,” la máa ń sọ, a ó ti ilé ìtajà wọn, a ó gba ọmọ ọ̀dọ̀, a ó sì rò pé ìkẹ́ nìyẹn. Iṣan tí a kò lò ń lọ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbà máa lo ara, bíi kí wọ́n rìn kánmọ́kánmọ́, fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ tó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Ẹ gbé àga ti ògiri, ẹ ká apá mọ́ àyà, ẹ dìde láìfọwọ́ ti nǹkan, ẹ tún jókòó pẹ̀lẹ́. Ìgbà mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́.

Àṣìṣe tó kù ni kí á máa yọ̀ sí rírù tí a kò wá. Bí ẹni tó wọn kílò 80 bá pàdánù kílò 4 láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan láìgbìyànjú rẹ̀, ilé ìwòsàn ló yẹ kó gbà lọ: ó lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ ife, jẹjẹrẹ, tàbí ìbànújẹ́ tí kì í jẹ́ kí opó fẹ́ dáná fún ara rẹ̀ nìkan. Kí ó mú ìwọ̀n tó wọ̀n tẹ́lẹ̀, ọjọ́ tó wọ̀n ọ́n, àti orúkọ gbogbo oògùn tó ń lò lọ́wọ́, àgbo náà kò gbẹ́yìn, nítorí dókítà á béèrè.