Ẹ Má Da Tínà Pẹ́ńtà Sórí Mọ́dẹ́lì: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń To Ọkọ̀ Kékeré

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti apá Ìjọ̀kà ní Àkúrẹ́ níbí gbé nǹkan wá bá mi nínú ọ̀rá dúdú. Kó tó tú ọ̀rá náà ni òórùn ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Tírélà mọ́dẹ́lì 1/24 ni, ìyẹn èyí tí ọkọ̀ gidi fi ìlọ́po 24 tóbi jù ú lọ, kíìtì (páálí ẹ̀yà ike tí èèyàn ń tò fúnra rẹ̀) tó fi oṣù mẹ́rin tọ́jú owó rẹ̀ kí wọ́n tó bá a kó o wá láti Èkó. Ojú ike orí tírélà náà ti sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí oòrùn pa, ilẹ̀kùn kan sì ti rọ̀, ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo bi í pé, "Kí lo fi kùn ún?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dà ọkọ̀ ni. Pẹ́ńtà ló bá mi pò ó."

Ẹni kẹta nìyẹn lọ́dún yìí. Ó dùn mí wọra, ohun tó mú mi jókòó kọ èyí nìyẹn. Mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń gé ike kúrò lára férémù (ọ̀pá ike tó so àwọn ẹ̀yà náà pọ̀) tàbí bí a ṣe ń ka ìwé tó wà nínú páálí. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tó ń jẹ yín lówó ni mo fẹ́ sọ.

1. Àìfọ ike. Òróró tí wọ́n fi ń yọ ike nínú mọ́òdù ṣì lè wà lára rẹ̀, ọ̀dà kì í sì í dì mọ́ òróró. Omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ti tó.

2. Dída ìwọ̀n pọ̀. Ní 1/24, ààbọ̀ íǹṣì ló dúró fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Ọkọ̀ tó gùn ní mítà 4.5 á gùn ní mìlímítà 187.5 ní 1/24, á sì jẹ́ mìlímítà 180 ní 1/25. Àwọn méjèèjì lè jọ dúró lórí tábìlì kan, ojú kò ní tètè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má yọ ọmọ ogun oníke inú kíìtì 1/35 kí ẹ fi ṣe dírẹ́bà tírélà 1/24. Ọmọ ọdún méje ni yóò jọ nídìí sítẹ́ríǹgì.

3. Ọ̀dà. Ibí yìí ni mo ní ọ̀rọ̀ sí.

Polystyrene ni ike tí àwọn ilé iṣẹ́ mọ́dẹ́lì bíi Tamiya, Revell, Italeri àti AMT fi ń ṣe bọ́dì ọkọ̀ wọn. Irin ni ọ̀dà àwọn pẹ́ńtà wà fún. Tínà wọn le débi pé ó lè tú ọ̀dà ògbólógbòó kúrò lára bọ́nẹ́ẹ̀tì, polystyrene kò sì lè dúró níwájú rẹ̀. Ẹ rántí bí gúlúù olómi tí a ń lò ṣe ń ṣiṣẹ́: kì í lẹ ike mọ́ra bí àtè, ńṣe ló ń yọ́ ojú ike méjèèjì kí wọ́n lè wọnú ara wọn. Ẹni tó bá fín tínà pẹ́ńtà sára bọ́dì, bí ẹní da gúlúù lé e lórí ni.

Mo mọ ohun tó ń fà á. Ọ̀dà mọ́dẹ́lì wọ́n, kò sì sí ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí a ní ní Àkúrẹ́. Pẹ́ńtà wà ní gbogbo ọ̀nà, ó lè po àwọ̀ tó bá wù yín lójú yín, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Èmi náà ti ṣe é rí. Píkọ́ọ̀pù 1/24 tó jẹ́ kíìtì mi àkọ́kọ́ ni mo gbé lọ sí ṣọ́ọ̀bù pẹ́ńtà kan tí wọ́n ti ń kun bọ́ọ̀sì. Ó fín in lẹ́ẹ̀kan péré. Mo dúró níbẹ̀ tí òrùlé rẹ̀ wú bí àkàrà inú epo, tí gbogbo ilà ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀ sì pòórá níṣojú mi. Mi ò bá pẹ́ńtà náà wí, torí iṣẹ́ irin ló kọ́. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mi ò fi lè fọwọ́ kan kíìtì mìíràn.

Tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju ọ̀dà ọkọ̀ lọ, práímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀) tí wọ́n ṣe fún mọ́dẹ́lì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bo gbogbo ike náà, kó sì gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fín ọ̀dà ọkọ̀ lé e fẹ́rẹ́, bí ìrì, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún fín in. Ẹ má fín in kó rin gbingbin. Kí ẹ tó fín ohunkóhun sára bọ́dì, ẹ dán an wò lára férémù tí ẹ gé ike kúrò lára rẹ̀, torí ike kan náà ni. Ọmọkùnrin Ìjọ̀kà yẹn ti kó gbogbo férémù rẹ̀ dà sí ààtàn. Bó bá dán an wò lára ọ̀kan péré ni, orí tírélà rẹ̀ ì bá ṣì wà.

Àwọ̀ tó ń dán wínníwínní tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ọkọ̀ gidi ni wọ́n wọn ẹ̀rún irin inú ọ̀dà náà fún. Lára ọkọ̀ 1/24, ẹ̀rún kọ̀ọ̀kan á tóbi ní ìlọ́po 24, ọkọ̀ yín á wá dà bí èyí tí wọ́n fọ́ ìgò lé lórí. Bákan náà ni nínípọn ọ̀dà rí. Ọ̀dà tó nípọn tó mìlímítà 0.2 lórí mọ́dẹ́lì dà bí mìlímítà 4.8 lára ọkọ̀ gidi. Ta ló rí ọkọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ rí?

Ẹ dákun, ọ̀dà ọkọ̀ tí wọ́n ń da hádínà sí, ẹ má fín in nínú yàrá. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ isocyanate wà nínú hádínà náà, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìbòmú aláṣọ tí a ń lò nígbà kòrónà kò lè dá a dúró. Bí ẹ kò bá ní ìbòmú tó ní fílítà kẹ́míkà, ẹ fi ọ̀dà yẹn sílẹ̀. Kò sí mọ́dẹ́lì tó tó èémí yín.

Ojú ọjọ́ náà ńkọ́? Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, omi ló máa ń kún inú afẹ́fẹ́ wa níbí. Bí lákà (ọ̀dà tó ń yára gbẹ) bá ń gbẹ, ó máa ń mú ojú ike tutù, ìrì á sẹ̀ sórí ọ̀dà tí kò tíì gbẹ, á wá funfun bí ìgbà tí wọ́n da wàrà sí i. Bí òjò bá ṣú, ẹ gbé e tì. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá. Mo máa ń wọ́n omi sílẹ̀ yàrá, màá pa fáànù, màá fín in, màá sì fi abọ́ ńlá dé e mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ẹ má fi lákà lé ẹnámẹ̀lì (ọ̀dà olóróró tó ń pẹ́ gbẹ) lórí. Yóò hunjọ.

4. Súpà gúlúù lára gíláàsì. Èéfín rẹ̀ máa ń mú ike tó mọ́ gaara di funfun bí ìgbà tí kùrukùru bò ó. Gúlúù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni kí ẹ lò: bó bá gbẹ, kì í hàn, bó bá sì ta sí ibi tí kò yẹ, omi á fọ̀ ọ́ kúrò.

Bọ́ńpà, gírílì àti rímù tí wọ́n fi kúrómù bò: gúlúù olómi kò lè dé ike tó wà lábẹ́ kúrómù náà. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú ibi tí gúlúù máa kàn. Tí ẹ bá fẹ́ kun gbogbo rẹ̀ lọ́tun, ẹ rẹ ẹ́ sínú blíìṣì ìfọṣọ, kúrómù náà á ṣí.

Àwọn tó ń to lọ́rì Mercedes-Benz 911 onípákó, inú mi dùn sí yín, torí ọkọ̀ wa ni. Àmọ́ mo ń rí bí ọ̀rọ̀ ara pákó ṣe ń ṣàn dànù lọ́wọ́ yín. Ẹ máa ń lọ tẹ "Ayé Ń Yí" sórí pépà decal (pépà tí a ń rẹ sómi kí ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ lè ṣí lẹ̀ mọ́ mọ́dẹ́lì) nílé ìtẹ̀wé, ẹ dé ilé, ẹ tì í bọ omi, yíǹkì sì bá omi lọ. Yíǹkì olómi tí púríńtà inkjet ń lò kò lè dúró nínú omi àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ fín fáníìṣì lé e tó sì gbẹ. Ẹ tún rántí pé púríńtà kì í tẹ àwọ̀ funfun. Tí pákó yín bá jẹ́ aláwọ̀ ewé tó ṣú, pépà tó ní ìdí funfun ni kí ẹ rà, torí lórí èyí tí kò ní àwọ̀, ọ̀rọ̀ yín kò ní hàn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró dáadáa lè fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kọ ọ́ fúnra rẹ̀, bí àwọn tó ń kọ ọ́ sára lọ́rì gidi ṣe ń ṣe. Èyí ló wù mí jù.

Ọ̀rọ̀ ẹrù náà ń bí mi nínú. Ẹ̀ka igi tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2 á di gẹdú sẹ̀ǹtímítà 48 ní 1/24, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ kó mẹ́wàá irú rẹ̀ lé lọ́rì, síprín ẹ̀yìn kò sì rẹlẹ̀ rárá! Ẹ lọ wo àwọn tó ń kó gẹdú gba ọ̀nà Ọ̀rẹ́. Ìdí wọn máa ń tẹ̀ wálẹ̀ ni, táyà á sì fẹ̀ nísàlẹ̀ níbi tó ti kan ilẹ̀. Ẹ tẹ síprín yín kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi sáńpépà ha ìsàlẹ̀ táyà kó pẹlẹbẹ díẹ̀.

Ẹ dẹ́kun fífi ìpẹtà kun gbogbo ara ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ kì í dógùn-ún láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ondo fún wákàtí kan, kí ẹ wo típà tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Iyẹ̀pẹ̀ pupa máa ń nípọn lẹ́yìn táyà àti ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ibi tí dírẹ́bà ń fi ẹsẹ̀ gùn máa ń dán. Epo máa ń ṣàn sílẹ̀ láti ẹnu táǹkì. Oòrùn máa ń mú òrùlé ṣá. Inú ibi ìkẹ́rù ni ọ̀dà ti máa ń bó tí irin á hàn, ibẹ̀ sì ni ìpẹtà yẹ.

Iyẹ̀pẹ̀ gidi ni mo ń lò. Mo máa ń bù ú lẹ́bàá ọ̀nà, màá yan án gbẹ nínú páànù, màá lọ̀ ọ́, màá sì fi ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, torí òkúta wẹ́wẹ́ tí ojú wa kò kà sí á tóbi bí bíríkì ní 1/24. Fáníìṣì tí kì í dán ni mo ń fín sára ọkọ̀ kí n tó fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbé iyẹ̀pẹ̀ náà lé e. Lórí ọ̀dà tó ń dán, kò ní rí ibi dì mú, ẹni àkọ́kọ́ tó bá gbé lọ́rì yín wò ni yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ sí àtẹ́lẹwọ́.