Ọmọ tí wọ́n bá yín gbé oyún rẹ̀ lókè òkun: ẹ tètè lọ sí kóòtù
Ẹ̀yin tọkọtaya tó fi Ìlú Ọba ṣe ilé, tí obìnrin mìíràn bá yín gbé oyún ní Amẹ́ríkà, ẹ kọ fọ́ọ̀mù C51 sí kóòtù fún parental order (àṣẹ kóòtù tó ń sọ yín di òbí ọmọ náà lójú òfin) kí ọmọ tó pé oṣù 6, bí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì tilẹ̀ wà lórí ìwé-ẹ̀rí ìbí. Lójú òfin Ìlú Ọba, ẹni tó bímọ ni ìyá. Bó bá lọ́kọ, ọkọ rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ bàbá. Ẹ tètè wá nótárì (ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìbọ́wọ́lùwé) sílẹ̀ nítòsí obìnrin náà: ìyọ̀ǹda rẹ̀ sí àṣẹ náà kò múlẹ̀ àfi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 tó bímọ, ẹ̀yin á sì ti padà sílé! Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà kò bá ti ara ọ̀kankan nínú yín wá, ọ̀nà yìí dí. Gbígba ọmọ tọ́ lábẹ́ òfin ló kù.