Bí A Ṣe Ń Ya Fíìmù Nípa Ẹni Tí Ọ̀pá Ẹ̀yìn Rẹ̀ Ṣèṣe, Kó Má Jọ Irọ́

Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé eré, ẹ mú ibi tí ọ̀pá ẹ̀yìn ti ṣèṣe gan-an. Ẹni tó ṣèṣe ní oríkèé ọrùn karùn-ún, ìyẹn C5, lè ká apá, kò lè fi agbára na án. Ẹni C6 lè gbé ọrùn ọwọ́ sókè, ìka rẹ̀ á sì ká wọlé fúnra wọn. Ọgbọ́n yẹn ló fi ń mú ife. Láti C7 ni apá ti ń lágbára láti na dáadáa. Tó bá jẹ́ àárín ẹ̀yìn, ọwọ́ pé, ẹsẹ̀ ni kò dáhùn. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ eré jẹ́ ni kí dókítà sọ pé ọrùn ni, kí òṣèré sì fi ìka márààrún di ife mú nínú ìran tó tẹ̀ lé e.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ sábà máa ń rọ jọ̀wọ̀lọ̀. Ìgbà tó bá yá ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í ta, tó ń gbọ̀n fúnra rẹ̀. Ẹ má sọ ìyẹn di àmì pé aláìsàn fẹ́ rìn. Ìjókòó àkọ́kọ́ náà ní wàhálà tirẹ̀: ẹ̀jẹ̀ á sọ̀ sí ẹsẹ̀, òòyì á kọ́ ọ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè, wọ́n á sì fi ọ̀já di ikùn rẹ̀.

Ìran tó ṣe pàtàkì jù ni bí aláìsàn ṣe ń sún láti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ arọ. Ẹ jẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì àti àga ga bákan náà. Kẹ̀kẹ́ á dá ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ sí bẹ́ẹ̀dì, bí ìwọ̀n 30 sí 45 dígírì. Bíréèkì méjèèjì á wà ní títẹ̀, ìgbápálé tó kọjú sí bẹ́ẹ̀dì á ti kúrò, ẹsẹ̀ á sì wà nílẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń sún ìdí síwájú kó má bàa kọ lu táyà. Á wá fì sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á ki pákó tó ń dán bọ abẹ́ itan àti ìdí. Orí kejì pákó á jókòó dáadáa lórí àga. Orí máa ń lọ sí òdìkejì ibi tí ìdí ń lọ: bí ìdí bá ń lọ sí ọ̀tún, orí á tẹ̀ sí iwájú àti òsì. Ìgbésókè kéékèèké ni, ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Tó bá fa ìdí gbùrù, awọ á bó. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ ki ìka sí abẹ́ etí pákó, torí á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ má gé ìran yìí. Níbẹ̀rẹ̀ fíìmù, ẹ jẹ́ kó gba ìṣẹ́jú márùn-ún kí olùrànlọ́wọ́ méjì sì wà níbẹ̀. Lápá ìparí, kó dá a ṣe láàárín ìlàjì ìṣẹ́jú nígbà tó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ẹ ò ní nílò àkọlé “oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà.”

Kẹ̀kẹ́ náà gbọ́dọ̀ bá òṣèré mu. Tó bá gbé ọwọ́ lé orí irin tó fi ń ti táyà, ìgúnpá á ká díẹ̀, bíi 100 sí 120 dígírì. Kẹ̀kẹ́ fífẹ̀ tí ẹ yá máa ń gbé èjìká sókè, ó sì ń sọ àgbàlagbà di ọmọdé. Tí ẹ bá fẹ́ kó gun orí pèpéle tó ga ní 30 sẹ̀ǹtímítà, ọ̀nà onídàgẹ̀rẹ̀ á gùn tó mítà 3.6.

Lẹ́yìn gbogbo ìṣẹ́jú 15 sí 30 tó bá fi jókòó, ó yẹ kó tẹ̀ síwájú fún bí ìṣẹ́jú méjì kí ẹ̀jẹ̀ lè padà sí ìdí; ẹ fi èyí sáàárín ọ̀rọ̀ sísọ. Ìtọ̀ pẹ̀lú, lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi rọ́bà fà á. Fún ẹni tó ṣèṣe ní T6, ìyẹn oríkèé kẹfà ní àárín ẹ̀yìn, sókè, àpò ìtọ̀ tó kún lè mú ẹ̀jẹ̀ ru gidigidi: orí á fọ́, ojú á pọ́n, òógùn á bò ó. Gbígbé e jókòó, títú aṣọ tó fún un àti wíwo rọ́bà ìtọ̀ ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Mo rò pé ìran yìí lágbára ju ẹkún lọ.

Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ jẹ, torí kì í fi í rìn.

Tí ẹ bá sì fẹ́ kó rìn níkẹyìn, kí dókítà ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé okùn ọ̀pá ẹ̀yìn kò já tán, pé ó ṣì ń mọ ìfọwọ́kàn ní ẹsẹ̀. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni agbára sábà máa ń padà jù, pẹ̀lú ọ̀pá àti irin tí wọ́n dè mọ́ ẹsẹ̀, kì í ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan.